Ìjókòó Tí Kò Ṣeé Sún

Ganiyat ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, Ganiyat tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánáàlì ní Ajégúnlẹ̀. Mo bi í léèrè ọkọ rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn án kẹ́yìn. Kò dá abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Wá ibì kan jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrú."

Tájù ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì ní ibùdókọ̀ Coconut, láàárín àwọn tírélà tó ń dúró de ẹrù èbúté. Ó ga, ó tínrín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn débi pé bí ó bá wọ abẹ́ ọkọ̀, ìdajì rẹ̀ á ṣì wà lójú ọ̀nà, àwọn awakọ̀ á máa pariwo pé kí ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 1985 ni ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Dickson wá a wá. Dickson jẹ́ máníjà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ilé ńlá kan ní Àpápá GRA ló sì ń gbé. Ọkùnrin kúkúrú ni, àyà rẹ̀ gbòòrò, ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní mọ́tò kékeré kan tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti ìlú òyìnbó, aláwọ̀ ewé, tí kò ní òrùlé. Mọ́tò náà lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ lè na ọwọ́ kan ilẹ̀.

Àwọn ọ̀gá bíi tirẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n fi ń sáré mọ́tò. Kì í ṣe pé wọ́n ń wá oúnjẹ níbẹ̀, eré lásán ni. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n á pàdé nínú ọgbà kọnkéré ńlá kan tí wọ́n máa ń to kọ̀ǹténà sí lẹ́yìn èbúté. Wọ́n á fi dúrọ́ọ̀mù tó kún fún yanrìn la ọ̀nà, wọ́n á sì máa lé ara wọn yí ọgbà náà ká. Mọ́tò Dickson ló máa ń ṣe ìkẹyìn.

Tájù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó títí.

"Ẹ́ńjìnnì yìí kéré, ọ̀gá," ó wí. "A ò lè sọ ewúrẹ́ di ẹṣin. Ṣùgbọ́n a lè sọ ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ fún un."

Ohun tí ó ṣe nìyẹn. Ó yọ irin iwájú àti tẹ̀yìn. Ó yọ táyà ìpamọ́, kápẹ́ẹ̀tì àti ìjókòó kejì. Ó yọ gíláàsì iwájú tó wúwo, ó fi rọ́bà pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara rọ́pò rẹ̀. Níbi tí irin bá nípọn ju bó ti yẹ lọ, ó lu ihò sí i lára, àwọn ihò náà tẹ̀ lé ara wọn bí ojú asẹ́. Lẹ́yìn gbogbo eré, ó máa ń fi aṣọ funfun sẹ́ ọ́ìlì rẹ̀ láti mọ̀ bóyá irin ti ń jẹ irin nínú ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń fi ọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan, á sì dẹ etí sí i bí ìyá tó ń gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀. Ganiyat ní òun jowú mọ́tò yẹn nígbà kan.

Ganiyat fúnra rẹ̀ ló ṣe ìjókòó. Ìjókòó tó bá mọ́tò náà wá wúwo, ojú irin méjì tí wọ́n fi ń sún un síwájú sẹ́yìn sì tún kún un. Tájù yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ó tẹ páànù fẹ́lẹ́ bí àwo, ó fi bóòtù mẹ́rin dè é mọ́lẹ̀ ọkọ̀. Ganiyat wá fi fóòmù tínrín àti awọ bò ó, ó sì rán bẹ́líìtì sí i. Ìjókòó náà kò ṣeé sún síwájú tàbí sẹ́yìn mọ́. Ibi tí ó wà ló wà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gùn tó ló lè lò ó.

Tájù ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún.

Àṣírí tó wà láàárín òun àti Dickson nìyẹn. Dickson ti rí i nígbà tí Tájù ń gbìyànjú mọ́tò náà wò pé bí òun ṣe ń bẹ̀rù kọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni Tájù ń fẹ́ ẹ. Nítorí náà wọ́n ń fi lọ́rì tí a fi tapólì bò gbé mọ́tò náà wá sí ọgbà. Inú lọ́rì ni Tájù ti máa ń wọ akoto àti aṣọ eré Dickson, á jókòó sínú mọ́tò, á sì wà á sọ̀ kalẹ̀ lórí pátákó. Dickson á dùbúlẹ̀ sínú àyè awakọ̀ lọ́rì. Bí eré bá parí, Tájù á wà á padà sábẹ́ tapólì. Dickson á wá jáde síta, akoto lábẹ́ apá, omi tí ó dà sórí ara rẹ̀ á máa kán bí òógùn. Ẹni tó jókòó, ta ni yóò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó? Ife ẹ̀yẹ mẹ́ta ni Dickson gbà bẹ́ẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń fún yín níbẹ̀ gan-an?" Ganiyat bi ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ń jẹ́ kí n wà á," Tájù dá a lóhùn.

Lọ́dún 1986, lọ́jọ́ kan tí òjò ti fọ ọgbà náà, táyà iwájú bẹ́ ní kọ́nà, mọ́tò náà sì lọ kọlu dúrọ́ọ̀mù. Àwọn ènìyàn sáré lọ yọ awakọ̀ rẹ̀ jáde. Ọ̀gbẹ́ni Ebimobowei ló bọ́ akoto lórí rẹ̀. Àgbàlagbà onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni, òun ló máa ń yẹ mọ́tò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò kí wọ́n tó sáré. Ojú tó rí lábẹ́ akoto kì í ṣe ojú Dickson.

Dickson sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, ó ń nu ojú. Ó ní ibà ló kọlu òun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun sì sùn lọ. Ó ní mẹ́káníìkì òun ló jí aṣọ, tó jí akoto, tó sì jí mọ́tò. Tájù wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wò ó. Kí ó tó dìde, àwọn ọlọ́pàá ti dé. Ní kóòtù, Dickson búra pé olè ni. Tájù ní Dickson ló ní kí òun máa wà á, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, ó sì lé lọ́dún kan tí ó lò níbẹ̀.

Nígbà tí ó dé, ṣọ́ọ̀bù Coconut ti di tẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i, ṣùgbọ́n bó bá ti yà, wọ́n á ka sípánà wọn. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ Ganiyat ló máa ń jókòó sí látàárọ̀, á máa bá a gé fóòmù. Ganiyat mú ọmọ wọn, Mútíù, lọ fún ìyá Tájù ní Ìsẹ́yìn, kí àwọn ọmọ àdúgbò má baà máa pè é ní ọmọ olè. Lọ́jọ́ tí ó ti ibẹ̀ dé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Mútíù, ọkùnrin yẹn á jẹ ìyà ohun tó ṣe. Mi ò mọ bí yóò ṣe rí, ṣùgbọ́n á jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé."

Tájù ní, "Jẹ́ kí Ọlọ́run dá a lẹ́jọ́."

"Ọlọ́run á dá tirẹ̀. Èmi náà á dá tèmi."

Lọ́dún 1988, nígbà ọyẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa mọ́tò aláwọ̀ ewé náà wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Ganiyat. Ganiyat dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní Lucky lorúkọ òun, awakọ̀ ilé Dickson ni òun. Ó ní wọ́n ti tún iwájú mọ́tò náà ṣe ní Ijora, ó wá ku awọ ìjókòó tó ti ya àti bẹ́líìtì tó ti gbó.

"Ta ló júwe mi fún ọ̀gá rẹ?" Ganiyat bi í.

"Wọn ò júwe ẹnikẹ́ni o, Ìyá. Wọ́n ní kí n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n rán ní Ajégúnlẹ̀. Gbogbo èèyàn ní ẹ̀yin ni."

Ganiyat wá rí i pé ọkùnrin tó ba ayé àwọn jẹ́ kò tíì kọjá kánáàlì yìí rí. Kò mọ ilé tí Tájù ń gbé, kò mọ̀ pé ó níyàwó, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tó rán ìjókòó náà lákọ̀ọ́kọ́. Lucky tún sọ fún un pé ẹgbẹ́ fẹ́ yan alága, Dickson sì ń wá ipò náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kí ó tún jáde wá sáré kí àwọn lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ganiyat ní kí ó fi mọ́tò sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó ti lọ tán, ó mú abẹ. Ó gé òwú tó di bẹ́líìtì mú, lápá inú tí ojú kò lè tó, ó ṣẹ́ ku fọ́nrán díẹ̀. Bí mọ́tò náà bá tún kọlu nǹkan, ọ̀gá yóò fò jáde bí òkúta tó jáde nínú kànnàkànnà.

Nígbà tí ó gbójú sókè, Tájù wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mọ́tò. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti tú kàbúrétọ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Wọ́n ti bà á jẹ́ ní Ijora. Ó ń mu epo jù, kò sì lè mí."

"Bàbá Mútíù, mọ́tò ẹni tó fi yín sẹ́wọ̀n lẹ̀ ń tún ṣe?"

"Tirẹ̀ kọ́ ni mò ń ṣe," Tájù wí, kò gbójú sókè. "Ti mọ́tò ni."

Ganiyat bínú débi pé kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì Lucky dé. Ó fò sínú mọ́tò, ó nasẹ̀, ó de bẹ́líìtì mọ́ra, ó rọra dọ́gbọ́n tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a láìsí wàhálà. Ganiyat ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo gígùn ọmọkùnrin náà. Kò yàtọ̀ sí Tájù, ẹni tí wọ́n wọ̀n ìjókòó náà fún; ìbínú ti mú kí ó gbàgbé ìyẹn.

"Kí ló dé tí ìwọ ń wọ̀n ọ́n?" ó bi í. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ wà á ni?"

Lucky rẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìyá, abeg, ẹ má sọ ọ́ síta. Ọ̀gá á wà nínú lọ́rì. Wọ́n ní bí mo bá gba ife, àwọn á fi mí sí iṣẹ́ gidi ní ọ́fíìsì."

Ganiyat wá mọ ohun tí òun ti ṣe. Ọmọ ọlọ́mọ ni òun gé bẹ́líìtì fún. Ó tú bẹ́líìtì náà kúrò lára Lucky, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì rán an padà ní ìlọ́po méjì. Lucky ń wò ó, kò mọ ohun tó ń ṣe. Bí ó ti ń rán an lọ ló sọ̀rọ̀.

"Akoto tí ọ̀gá rẹ fẹ́ fún ọ wọ̀, ṣé o mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn?"

"Wọ́n ní olè kan ni."

"Wo ẹ̀yìn rẹ."

Tájù wà níbẹ̀, ó ń gé fóòmù. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń kí àlejò. Lucky wo ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn tó nà sílẹ̀, ó sì wo ìjókòó tó wà nínú mọ́tò.

"Chai," ó wí nígbẹ̀yìn. "So na me be di next one."

"Ìwọ lo kàn," Ganiyat dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n bí o bá ṣe ohun tí mo bá sọ, kì í ṣe ìwọ ni yóò sunkún lọ́jọ́ Àìkú."

Ọjọ́ Àìkú náà dé. Ganiyat lọ sí ọgbà kọnkéré bí aránjókòó tó wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí Tájù bá òun gbé àpò irinṣẹ́. Ó rò pé yóò kọ̀, ṣùgbọ́n kò kọ̀. Tájù ní òun fẹ́ gbọ́ ìró mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fa fìlà bojú, ó dúró lẹ́yìn àwọn tó ń wòran.

Wọ́n pe mọ́tò Dickson. Tapólì ká sókè, ṣùgbọ́n mọ́tò kò sọ̀ kalẹ̀. Lucky ló fẹsẹ̀ rìn jáde, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀. Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ lọ́rì, ó sì kan ilẹ̀kùn awakọ̀ gbàgbàgbà.

"Ọ̀gá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o, wọ́n ń pè yín."

Gbogbo ènìyàn yíjú síbẹ̀. Dickson dìde láti inú àyè awakọ̀, ó ti ká kò bí ẹni tí inú ń run. Ó bú Lucky ní ohùn kékeré, Lucky kàn fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

"Mọ́tò yín rèé. Oríire o."

Àwọn awakọ̀ lọ́rì bá a ti mọ́tò náà sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí Dickson lè gbà mọ́. Ó wọ akoto, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kò dé kílọ́ọ̀ṣì. Ó sún ìdí síwájú, bẹ́líìtì fà á padà. Ó tú bẹ́líìtì, ó yọ̀ wálẹ̀ títí sítíárìn fi kan án ní àgbọ̀n, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì ta, ó sì kú.

"Alága," ẹnì kan pè láàárín èrò, "ṣé ẹsẹ̀ yín ló kúrú ni àbí ilẹ̀ ló jìn?"

Ẹ̀rín bẹ́. Dickson jáde, ó na ìka sí Ganiyat.

"Obìnrin yìí ni. Òun ló sún ìjókòó mi sẹ́yìn. Ó ba mọ́tò mi jẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Ebimobowei sún mọ́ mọ́tò náà. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí kọnkéré pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò. Nígbà tí ó dìde, ó ń nu ọwọ́. "Ìpẹtà ti mú àwọn bóòtù náà pọ̀ mọ́ irin," ó wí. "Kò sí ihò mìíràn tí wọ́n lè ti dè é mọ́ nílẹ̀ mọ́tò yìí. Ibí ni ìjókòó yìí wà láti ọjọ́ tí o ti ń gba ife, Dickson. Ta ló ń wà á?"

Ganiyat ti fa Tájù jáde láàárín èrò. Ó bọ́ fìlà lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀. "Ẹ jókòó síbẹ̀," ó sọ fún un. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i."

Tájù bọ́ sálúbàtà. Ó wọlé, ó nasẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì sinmi lórí kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó dé ilé. Páànù náà gbà á léjìká, ó gbà á nídìí, kò ku ibì kan. Ebimobowei wo ẹsẹ̀ Tájù, ó wo ti Dickson, ó sì mi orí. Ó ní, "Èmi ni mo bọ́ akoto lórí ọkùnrin yìí. Irọ́ ni mo gbà gbọ́."

Dickson tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Tájù, jọ̀ọ́. Wà á fún mi lónìí. Màá sọ fún gbogbo wọn pé àṣìṣe ni ọ̀rọ̀ ìjelòó. Màá lọ sọ ọ́ ní kóòtù gan-an."

Ganiyat gbọ́ ọ. Ohun tí ó ti ń wá láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ ni ọkùnrin náà fẹ́ fi fún wọn yẹn. Ó ní, "Kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ná. Kí ó kúnlẹ̀ sọ ọ́."

Ṣùgbọ́n Tájù kò wò ó. Ó ti de bẹ́líìtì. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń mí dáadáa.

"Ọ̀gá," ó wí, "kí lẹ sọ ní kóòtù pé mo ṣe?"

"Tájù, mo ní kí o..."

"Kí lẹ sọ?"

Dickson wo àwọn èrò tó yí wọn ká. "Mo ní o jí mọ́tò."

"Ẹ ò parọ́ náà," Tájù wí. "Ẹ kàn tètè sọ ọ́ ni. Mo ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán. Jíjí rẹ̀ ló kù."

Ó yí imú mọ́tò náà kúrò lójú ìlà tí wọ́n ti ń sáré, ó kọjá láàárín dúrọ́ọ̀mù, ó dojú kọ géètì. Dickson sáré díẹ̀, ó dúró, ó kígbe pé kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ebimobowei ní, "Kí ni kí n sọ fún wọn? Wọ́n ti dá ẹjọ́ yẹn." Gbogbo ọgbà dà sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń fi ọwọ́ lu ara lọ́rì, Lucky sì jókòó sílẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Ganiyat náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní kò sí oúnjẹ kan tó dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òun rí.

Ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí géètì, nítorí ó rí i tí mọ́tò náà dẹwọ́ níbẹ̀, ó sì rò pé òun ló ń dúró dè. Ọlọ́dẹ géètì ló ń dúró dè. Nígbà tí géètì ṣí tán, mọ́tò náà jáde, ó yà sí ọ̀nà Ijora.

"Bàbá Mútíù," Ganiyat pè é. Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí kò pè rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn.

Ọ̀nà gbẹ, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ó ń rí orí rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ méjèèjì lókè ìjókòó náà, wọ́n ń kéré lọ. Tájù kò wẹ̀yìn.